Irin Pọ̀, Ètò Ló Pẹ́: Ká Ní Faransé Gbọ́ ti de Gaulle ní 1935

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1935, Paul Reynaud dìde nílé aṣòfin Faransé ní Paris, ó ní àfi kí orílẹ̀-èdè náà dá ọmọ ogun tuntun kan sílẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ fún ọdún kan, tí wọ́n á sì padà sóko àti ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn tó fi ogun jíjà ṣe iṣẹ́ ni yóò wà níbẹ̀: 100,000 èèyàn, dífíṣọ̀n mẹ́fà, gbogbo wọn lórí ọkọ̀, kí táǹkì sì máa ṣíwájú. Reynaud kì í ṣe sójà. Ẹni tó ni èrò náà ni Charles de Gaulle, ọ̀gá sójà kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà, tó ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan ní 1934.

Ilé gbọ́, ilé ò gbà. Ọ̀gágun Maurin, mínísítà ọ̀rọ̀ ogun, ní àwọn ti ná owó rẹpẹtẹ sórí odi tí wọ́n mọ sí ààlà Jámánì. Ta ni orí rẹ̀ á pé tí yóò fi irú odi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ wá ìjà kiri níta? Léon Blum, olórí àwọn Sósálísíìtì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù pé àwọn tó fi ogun ṣe iṣẹ́ lè dojú ìbọn kọ ìjọba lọ́jọ́ kan. Lójú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gágun àgbà, táǹkì kò ju ọmọ ẹ̀yìn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ lọ: bí ẹlẹ́sẹ̀ bá ṣe ń rìn ni kí táǹkì máa bá a rìn.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1940, àwọn ọmọ ogun Heinz Guderian, ọ̀gágun Jámánì, sọdá odò Meuse ní Sedan. Nígbà tó fi di ọjọ́ 20, táǹkì Jámánì ti dé Abbeville, nítòsí òkun. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, Faransé tọwọ́ bọ̀wé, ó juwọ́ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ ìtàn ká-ní ti ń tún ogun yìí jà lórí bébà. Ká ní irin ara táǹkì Faransé nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Ká ní ìbọn rẹ̀ tóbi sí i? Ká ní wọ́n fi ẹgbẹ̀rún kan kún iye wọn? Èmi náà fẹ́ràn irú àròjinlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni mi ò fara mọ́. Ohun tí wọ́n ń fi kún ẹrù Faransé, Faransé ti ní in tẹ́lẹ̀.

Irin kọ́ ni wọ́n ṣaláìní

Faransé ló ṣe Renault FT ní 1917, táǹkì kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí awakọ̀ jókòó síwájú, tí ìbọn sì wà lórí ilé kékeré tó ń yí po lókè. Bí wọ́n ṣe ń to ọ̀pọ̀ jù lọ táǹkì káàkiri ayé títí dòní nìyẹn. Ní 1940, òun ló tún ní ọ̀kan nínú àwọn táǹkì tó le jù lọ ní Yúróòpù, Char B1 bis. Ó wúwo ju 30 tọ́ọ̀nù lọ, irin iwájú rẹ̀ nípọn tó 60 mìlímítà, ìbọn ńlá méjì ló sì gbé: onímìlímítà 75 ní ìsàlẹ̀, onímìlímítà 47 lókè.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 1940, Kápútẹ́ẹ̀nì Pierre Billotte wa ọ̀kan tí wọ́n sọ ní Eure wọ abúlé Stonne, ní gúúsù Sedan. Ó bá táǹkì Jámánì tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn lójú títì. Ó yìnbọn lu ti iwájú, ó yìnbọn lu ti ẹ̀yìn, àwọn tó wà láàárín ò rọ́nà lọ. Mẹ́tàlá ló bà jẹ́ kó tó jáde. Nígbà tí wọ́n ka ojú ọta lára táǹkì rẹ̀, 140 ni. Kò sí ìkankan tó wọlé.

Ẹni tó bá ka ìtàn yìí nìkan á máa ṣe kàyéfì pé báwo ni irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ṣe pàdánù. Kó wọnú táǹkì náà kó wò ó. Èèyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Awakọ̀ ló ń fi ìbọn ńlá ìsàlẹ̀ wo ibi tó fẹ́ yìn ín sí, nítorí ìbọn náà ò lè yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Odindi táǹkì ni awakọ̀ ní láti yí. Ẹnì kan ń ki ọta, ẹnì kan ń tọ́jú rédíò. Lókè, nínú ilé ìbọn tó ń yí, ọ̀gá táǹkì dá wà. Òun ló ń wo ibi tí ọ̀tá wà, òun ló ń ki ìbọn kejì, òun ló ń yìn ín, òun ló ń sọ fún awakọ̀ pé yà síbí. Bó bá sì jẹ́ olórí àwọn táǹkì mélòó kan, òun náà ló ń ronú ibi tí àwọn yòókù yóò gbà. Dírẹ́bà dáńfó tí ò ní kọ̀ńdọ́, tó ń wakọ̀, tó ń pe èrò, tó ń gbowó, tó tún ń wá ṣéńjì, á mọ ohun tí mò ń wí. Nínú ọ̀pọ̀ táǹkì kékeré Faransé, rédíò gan-an ò sí. Àsíá ni wọ́n fi ń júwe fún ara wọn, nínú eruku àti èéfín.

Ohun tí Jámánì kó jọ

Àdéhùn Versailles ti 1919 ka táǹkì léèwọ̀ fún Jámánì. Wọ́n fi ọgbọ́n yí èèwọ̀ náà po: láti 1929 sí 1933, wọ́n ń kọ́ nípa táǹkì ní bòókẹ́lẹ́ nílé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá Kazan, ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì. Nílé, pátákó ni wọ́n ń kàn mọ́ ara mọ́tò láti fi ṣe bíi táǹkì nígbà ìdánrawò. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi mọ́tò onípátákó dánra wò ti ń kọ́ ohun tí kò sí nínú irin: ta ni yóò ṣíwájú, ta ni yóò tẹ̀ lé e, báwo ni ọ̀rọ̀ yóò ṣe dé etí ẹni tó wà níwájú pátápátá.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1935, oṣù méje lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Reynaud ní Paris, Jámánì dá dífíṣọ̀n onítáǹkì mẹ́ta sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Táǹkì tó pọ̀ jù nínú wọn ni Panzer I, tí ò gbé ju ìbọn arọ̀jò-ọta méjì lọ, tí ìbọn ńlá lásán lè fọ́ irin ara rẹ̀. Kódà ní 1940, nígbà tí dífíṣọ̀n náà ti di mẹ́wàá, ó lé ní ìdajì nínú nǹkan bíi 2,500 táǹkì wọn tó jẹ́ Panzer I àti Panzer II. Faransé ní ju 3,000 lọ lójú ogun náà. Àwọn kan nínú èyí tí Jámánì gùn wá sójú ogun, Czechoslovakia ló ṣe é.

Kí ni wọ́n wá fi ṣẹ́gun? Ẹ wo ohun tó wà nínú dífíṣọ̀n kan. Táǹkì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe táǹkì nìkan. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ wà lórí ọkọ̀ àti alùpùpù. Àwọn oníbọn àgbá wà, tí ọkọ̀ ń fa àgbá wọn. Àwọn ẹnjiníà tó ń tẹ́ afárá sórí odò wà, àwọn amí wà, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe wà, ọ̀gá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń dáhùn sí. Guderian fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rédíò nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, kò sì gbà kí táǹkì kankan jáde láìgbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀. Nínú Panzer III àti IV, èèyàn mẹ́ta ló wà nínú ilé ìbọn: ọ̀kan ń ki ọta, ọ̀kan ń yìnbọn, ọ̀gá ń fi ojú àti ẹnu rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀gá. Epo pàápàá ní ètò tirẹ̀. Inú gálọ́ọ̀nù onírin olílítà 20, irú èyí tí gbogbo ayé wá ṣàwòkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà, ni wọ́n ń kó o sí. Ọkọ̀ èyíkéyìí lè gbé e, sójà èyíkéyìí lè rọ ọ́ sínú táǹkì níbi tó bá dúró sí.

Bí dífíṣọ̀n mẹ́ta ṣe ṣòfò

Faransé náà dá dífíṣọ̀n táǹkì ńlá sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Oṣù Kìíní ọdún 1940 ni méjì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé wọn lóṣù Kẹta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi 160 táǹkì, ìdá tó tó méjì nínú márùn-ún sì jẹ́ B1 bis. Ṣùgbọ́n ẹyọ bàtálíọ̀nù ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan ló wà pẹ̀lú wọn, ẹnjiníà ò tó, àwọn amí fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, rédíò sì ṣọ̀wọ́n. Ogun dé bá wọn lóṣù Karùn-ún.

Dífíṣọ̀n Kìíní, tí Ọ̀gágun Bruneau ń darí, wà ní Flavion ní Bẹ́ljíọ̀mù láàárọ̀ ọjọ́ 15. Epo ti tán nínú àwọn B1 rẹ̀, nítorí táǹkì náà ń mu epo bí ẹni ń da omi. Ọkọ̀ epo wà lẹ́yìn pátápátá nínú ìlà, àwọn tó ń sá fógun sì ti dí gbogbo ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe dúró ń retí epo ni táǹkì Rommel, ọ̀gágun Jámánì, yọ sí wọn. Rommel kọjá, dífíṣọ̀n Jámánì mìíràn dé rọ́pò rẹ̀. Àwọn B1 tó lè yìnbọn yìn ín, wọ́n sì ba nǹkan jẹ́ fún Jámánì. Ṣùgbọ́n táǹkì tí kò lè rìn, ilé tí wọ́n ń yìnbọn lù ni. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé àwọn sójà tó wà nínú wọn fúnra wọn ló dáná sun wọ́n kí wọ́n tó sá. Tí ilẹ̀ fi ṣú, díẹ̀ ló kù nínú dífíṣọ̀n náà.

Dífíṣọ̀n Kẹta wà nítòsí Sedan gan-an ní ọjọ́ 14, ibi tó yẹ kó wà. Wọ́n ní kó kọlu Guderian kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lódìkejì odò. Gbígba epo jẹ gbogbo ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n máa fi múra tán, Ọ̀gágun Flavigny, tí dífíṣọ̀n náà wà lábẹ́ rẹ̀, ti yí ọkàn padà: ó fọ́n àwọn táǹkì náà káàkiri gbogbo oríta, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí wọ́n dí ọ̀nà. Odindi dífíṣọ̀n di ìdènà ojú títì láìja ìjà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ohun tó dunni jù níbẹ̀ ni pé Flavigny kì í ṣe ẹni tí táǹkì ṣàjèjì sí. Òun ló kọ́kọ́ darí dífíṣọ̀n onímọ́tò tí àwọn ẹlẹ́ṣin Faransé dá sílẹ̀.

Ti Dífíṣọ̀n Kejì tún burú ju ìyẹn lọ. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó táǹkì, wọ́n ní kí mọ́tò akẹ́rù gba ojú títì. Jámánì gba àárín wọn kọjá. Táǹkì sọ̀ kalẹ̀ síbì kan, epo àti ọta rẹ̀ wà níbòmíràn, ọ̀tá wà láàárín. Ọ̀gágun tí wọ́n bá kọ́kọ́ bá pàdé ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ara wọn, á fi ọ̀kan ṣọ́ afárá yìí, á fi méjì ṣọ́ afárá yẹn.

De Gaulle alára gba Dífíṣọ̀n Kẹrin nígbà tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ sí dífíṣọ̀n kankan níbẹ̀. Ohun tó rí kó jọ ló kó lọ sí Montcornet ní ọjọ́ 17. Ó wọ ìlú náà, ó dẹ́rù ba ọ̀tá, ṣùgbọ́n kò ní ẹlẹ́sẹ̀ tó tó láti di ibẹ̀ mú, kò sì ní bàálù tí yóò lé bàálù Jámánì lọ. Ó padà sẹ́yìn.

Ká ní wọ́n gbà

Ẹ jẹ́ ká wá yí nǹkan kan ṣoṣo padà: ilé aṣòfin gba àbá náà ní 1935. A ò fi táǹkì kan kún tiwọn, a ò fi mìlímítà kan kún irin rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó rí ni pé kò ní rọrùn. Kò tíì sí B1 bis nígbà náà. Owó ńlá ìhámọ́ra, bílíọ̀nù 14 owó faransì, ìjọba ò fọwọ́ sí i títí di oṣù Kẹsàn-án 1936. Dífíṣọ̀n àkọ́kọ́ ì bá fi ògbólógbòó Renault FT àti àwọn táǹkì díẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde bẹ̀rẹ̀. Kò burú. Jámánì fi pátákó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan tàbí méjì lórí pápá ìdánrawò ni àìsàn tó pa wọ́n ní 1940 ì bá fi hàn. Ọ̀gá táǹkì ì bá kígbe pé iṣẹ́ òun pọ̀ jù. Táǹkì tó rìn jìnnà ì bá dúró sínú igbó nítorí epo, àwọn tó ń ṣètò ì bá sì mọ̀ pé ọkọ̀ epo kò gbọdọ̀ wà nídìí ìlà. Ẹni tó ń fi àsíá júwe ì bá rí i pé kò sẹ́ni tó ń wò ó. Irú àléébù wọ̀nyí kì í hàn nínú ọ́fíìsì. Kì í sì í hàn fún bàtálíọ̀nù kan tó dá wà, tó ń rìn wẹ́rẹ́ lẹ́yìn ẹlẹ́sẹ̀. Ìgbà tí ọgọ́rùn-ún táǹkì bá jọ ń rìn ló ń yọjú.

Ẹ̀rí wà pé àlá lásán kọ́ lèyí. Àwọn ẹlẹ́ṣin Faransé kò dúró de ilé aṣòfin. Wọ́n dá dífíṣọ̀n onímọ́tò tiwọn sílẹ̀, ó sì ti di mẹ́ta kí Jámánì tó kọlù wọ́n ní oṣù Karùn-ún 1940. Ní Hannut ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti ọjọ́ 12 sí 14 oṣù Karùn-ún 1940, méjì nínú wọn lábẹ́ Ọ̀gágun Prioux wàákò pẹ̀lú dífíṣọ̀n onítáǹkì Jámánì méjì. Wọ́n pa táǹkì Jámánì púpọ̀, wọ́n dá wọn dúró fún àkókò tí wọ́n rán wọn pé kí wọ́n dá wọn dúró, wọ́n sì padà sẹ́yìn létòlétò. Táǹkì Somua tí wọ́n gùn, ọ̀gá kan ṣoṣo ló wà nínú ilé ìbọn rẹ̀ bíi ti B1. Ohun tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi ju àwọn yòókù lọ ni ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn yìí ti yà kúrò lójú ọ̀nà gan-an kì í ṣe 1940. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1936 ni. Lọ́jọ́ náà, Hitler rán sójà wọ agbègbè odò Rhine tí Versailles ní kò gbọdọ̀ sí sójà níbẹ̀. Bàtálíọ̀nù mẹ́ta péré ló kọjá sí ìhà ìwọ̀-oòrùn odò. Ìjọba Faransé bi àwọn ọ̀gágun pé kí la lè ṣe. Èsì wọn ni pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ohunkóhun tó nítumọ̀, àfi kí wọ́n pe gbogbo ọkùnrin ìlú sógun. Kò sí ohun tó wà láàárín ìjókòó lásán àti ogun ńlá. Ohun tí de Gaulle ń tà fún wọn gan-an nìyẹn: ọmọ ogun tó wà nílẹ̀, tó lè gbéra lọ́la láìdí ọjà, láìti ilé iṣẹ́. Ní ọdún kan, dífíṣọ̀n mẹ́fà ò lè pé. Kódà ọ̀kan lè má pé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tó ń gbéra lọ sójú ààlà lọ́sẹ̀ náà, nígbà tí dífíṣọ̀n mẹ́ta ti Guderian àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ò tíì pé oṣù mẹ́fà, ì bá fún àwọn olóṣèlú Paris ní ohun kẹta tí wọ́n lè yàn. Bóyá wọn ì bá yàn án, ọ̀rọ̀ ọkàn èèyàn nìyẹn, ètò kò lè bá wọn ní ìgboyà.

Ẹni tó ń kọ ìtàn ká-ní kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀tá kì í jókòó kó máa wo ni. Bí Faransé bá dá mẹ́fà sílẹ̀, Jámánì ń wò ó, òun náà á yára. Bákan náà ni àwọn tó ń darí Faransé ì bá ṣì jẹ́ àwọn kan náà. Ọ̀gágun Gamelin, olórí gbogbo wọn, ń darí ogun 1940 láti Vincennes, nínú ilé tí kò ní rédíò. Àwọn ọmọ ogun orí ọkọ̀ tó dára jù tó fi pa mọ́, ó kó wọn lọ sí Breda ní ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì, ibi tó jìnnà jù sí Sedan. Nígbà tí Churchill dé Paris ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, tó béèrè ibi tí ọmọ ogun ìpamọ́ wà, Gamelin fèsì pé kò sí. Ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lè kó dífíṣọ̀n mẹ́fà lọ sí Breda náà.

Ohun tí ì bá yàtọ̀ ni pé àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ì bá mọ iṣẹ́. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó ní dífíṣọ̀n onítáǹkì ló jìyà kó tó mọ bó ṣe yẹ kó tò ó. Gẹ̀ẹ́sì kó táǹkì pọ̀ jù, ó fi ẹlẹ́sẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìyà aṣálẹ̀ Áfíríkà jẹ wọ́n títí wọ́n fi yọ bírígéèdì táǹkì kan ní 1942, tí wọ́n fi bírígéèdì ẹlẹ́sẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Amẹ́ríkà dé orí ìwọ̀n tirẹ̀ ní 1943: bàtálíọ̀nù táǹkì mẹ́ta, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, oníbọn àgbá mẹ́ta. Hitler ní tirẹ̀ fẹ́ kí dífíṣọ̀n òun pọ̀ kó tó kọlu Rọ́ṣíà ní 1941. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nípa dídín iye táǹkì inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kù. Orí bébà ni ìlọ́po méjì náà wà.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀

Kì í ṣe Yúróòpù nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tó fi mọ́ ọmọ Dahomey, wà lára ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí Faransé fi dí ihò tí táǹkì lù. Ní Chasselay lẹ́bàá Lyon, lóṣù Kẹfà 1940, sójà Jámánì pa àwọn sójà aláwọ̀dúdú tó ti túúbá. Lẹ́yìn ìṣubú náà, Dahomey bọ́ sábẹ́ ìjọba Vichy, ìjọba Faransé tó bá Jámánì rẹ́, Nàìjíríà wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ará Kétu àti ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ sì bá ara wọn ní apá méjì ààlà tí àwọn ìjọba rẹ̀ ò fọkàn tán ara wọn mọ́.

Láti Chad, tí Gómìnà Félix Éboué mú dara pọ̀ mọ́ de Gaulle lóṣù Kẹjọ 1940, ni Leclerc, ọ̀gá sójà de Gaulle kan, ti gbéra gba aṣálẹ̀ lọ. Ní 1943, ní Mọ̀rókò, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ di Dífíṣọ̀n Onítáǹkì Kejì ti Faransé, tí wọ́n fi táǹkì àti ètò Amẹ́ríkà tò: táǹkì, ẹlẹ́sẹ̀ orí ọkọ̀, àgbá, ẹnjiníà, rédíò nínú táǹkì. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀dúdú tó bá a rìn láti Chad ni wọ́n ti yọ kúrò kó tó sọdá sí Yúróòpù. Lóṣù Kẹjọ 1944, dífíṣọ̀n yìí wọ Paris. Irú ohun tí Reynaud ń bẹ̀bẹ̀ fún ní 1935 ni Faransé wá rí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin lábẹ́ ọ̀tá.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba Faransé là nínú ìtàn ká-ní, kó fi irin sílẹ̀. Kó mú ètò tí wọ́n ṣe ní oṣù Kìíní 1940, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, kó gbé e padà sí 1935, kó sì fún àwọn èèyàn náà ní ọdún márùn-ún láti ṣàṣìṣe lórí pápá ìdánrawò. Àṣìṣe epo ní Flavion, àṣìṣe ọkọ̀ ojú irin, àṣìṣe oríta Sedan, gbogbo rẹ̀ ni wọn ì bá ti ṣe nígbà tí kò sẹ́ni tó ń yìnbọn lù wọ́n.